Ọkọ̀ Ojú Omi Ẹlẹ́ni Méjì

Yorùbá kì í jẹun lójú ẹni kó má ní "ẹ wá jẹun," ẹni tí wọ́n pè náà á sì dáhùn pé á gba ibi ire. Ta ni kò mọ̀ pé ẹnu lásán ni? Àfi Bọ̀dá Ọlábánjọ.

Bọ̀dá ti àdúgbò McKenzie Towne wá kí àbúrò rẹ̀, Dúrótìmí, àti Oyèníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní Copperfield, ní Canada. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wo àwòrán etíkun Saint Lucia, erékùṣù kan tí wọ́n fẹ́ lọ gbafẹ́, lórí kọ̀ǹpútà. Dúrótìmí ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Ó ti yá," ni Bọ̀dá wí. "Ìyàwó mi ṣì wà ní Nàìjíríà. Kí ni mo fẹ́ máa dá wò nínú snow yìí?"

Ojú Oyèníkẹ́ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Kò sì lè sọ pé rárá, nítorí inú basement Bọ̀dá ní Falconridge ni wọ́n kọ́kọ́ gbé nígbà tí wọ́n dé Canada. Irú oore bẹ́ẹ̀ a máa dí ènìyàn lẹ́nu.

Òun ló mọ ohun tó ń wá lọ sí erékùṣù náà. Lọ́dún tó kọjá, oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ nígbà tí Dúrótìmí wà níbi iṣẹ́ epo ní Fort McMurray. Nígbà tó dé, ó ní Ọlọ́run á ṣe òmíràn, ó sì tan tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ yọ láàárín wọn mọ́. Ìdí nìyí tí Oyèníkẹ́ fi yan ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń gbé ẹni méjì lọ wo ìwọ̀ oòrùn. Níbẹ̀ ni yóò ti sunkún ọmọ náà, kí bàbá ọmọ bá a sun ún.

Ni Bọ̀dá bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ètò ṣe. Oyèníkẹ́ fẹ́ kí wọ́n lọ wo oko kòkó.

"Ìyàwó, oko kòkó kẹ̀? Oko kòkó bàbá wa ní Ìdànrè la sá fún tá a fi kàwé. O tún fẹ́ ká pay kí wọ́n tó jẹ́ ká wọ òmíràn?"

Ó yọ oko kòkó. Ó yọ ẹṣin gígùn, nítorí orúnkún rẹ̀. Ibi omi gbígbóná tí wọ́n ti ń fi ẹrẹ̀ para, ó ní òun kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Dúrótìmí ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Oyèníkẹ́ ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ó sì dùn ún pé kì í ṣe òun ló pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Saturday tí Bọ̀dá tún wá, obìnrin tó ń bá wọn ṣètò ìgbafẹ́ náà pè láti Saint Lucia. Ó ní ọkọ̀ kékeré yẹn kò lè gba ẹni mẹ́ta. Àfi kí wọ́n wọ ọkọ̀ ńlá, èyí tí èrò ń kún, tí orin ń dún.

"Big one, abeg," ni Bọ̀dá wí. "Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ló máa ń dùn."

Oyèníkẹ́ ní kí obìnrin náà mú sùúrù díẹ̀, ó fa ọkọ rẹ̀ wọ kíṣìnnì.

"Tìmí, ìwọ lo pè é. Please, sọ fún un pé ìrọ̀lẹ́ yẹn nìkan, ti àwa méjèèjì ni. Kò ní bínú."

Dúrótìmí ń wo ilẹ̀. "Kí n tó pè é ni mo ti mọ̀ pé ó máa gbà."

"O mọ̀?"

"Tí Bọ̀dá ò bá sí níbẹ̀, kí la fẹ́ sọ fún ara wa? O máa dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. I can't, Níkẹ̀ẹ́. Mi ò lè gbọ́ ọ."

Láti ọjọ́ yìí wá, Bọ̀dá ni Oyèníkẹ́ ti ń bínú sí. Àṣé Bọ̀dá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kàn fi í dí etí ni. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó korò bí jogbo.

Ó padà sí pálọ̀, ó gbé fóònù. "Keep the small boat," ló sọ fún obìnrin náà. "Two people. My husband and his brother."

"Ìyàwó, ìwọ ńkọ́?" ni Bọ̀dá bi í.

"Mi ò lọ mọ́, sà. Ọmọ kú mọ́ mi nínú lọ́dún tó kọjá. Mo fẹ́ jókòó sílé sunkún rẹ̀."

Bọ̀dá kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó ń bi í pé ọmọ wo nìyẹn. Oyèníkẹ́ gòkè lọ. Kò dúró gbọ́ èsì.