Bàbá Lọ́lá Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìlà Ìkẹyìn

Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè, ọ̀gá ọ́fíìsì náà, kì í pariwo. Tó bá fẹ́ pa èèyàn lẹ́nu mọ́, kọ̀ǹpútà ló máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí. Láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, ó na ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde sí ìyá àgbà tó dúró níwájú tábìlì rẹ̀.

"Màmá, ẹ wò ó fúnra yín. Gbogbo ẹni tó ní oko ní Bọ́lọ́rundúró ló wà níbí. Ti ọkọ yín kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́."

Ìyá náà ní òun kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òun mọ oko òun. Ọ̀kadà ló gùn la igbó já láti Bọ́lọ́rundúró dé Oǹdó, kó tó wọ mọ́tò wá sí Àkúrẹ́, lọ́dún tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé Oda, ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀, fi ń pín ọjọ́ tí wọn yóò wá síbi iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ó jókòó sórí àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Mo fẹ́ràn ìyá yìí.

Ohun tó wà ńlẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Ọ́fíìsì náà, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé mo ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá, fẹ́ sọ ìwé oko àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ ìjọba ní Bọ́lọ́rundúró di ọ̀tun. Oko tí kò bá ní orúkọ lórí ìwé títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún. Ogójì ọdún ó lé ni ìyá yìí àti ọkọ rẹ̀ fi gbin kòkó síbẹ̀. Ọkọ ti kú lọ́dún tó kọjá. Kòkó ló kù.

Ní igun yàrá, Adépéjú tẹrí ba mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun Adépéjú ló kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn ní ohun tó ń sọ. Òun ló kọ ètò tó to àwọn orúkọ náà. Bí ìyá yìí bá pàdánù oko rẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ òun ló ti wá. 

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí ìyá náà. "Ẹ káàárọ̀, mà. Kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Bàbá Lọ́lá."

"Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an ńkọ́, mà?"

Ìyá náà wolẹ̀. Ó tú àpò rẹ̀, ó fa ìwé ètò ìsìnkú kan yọ, tó ní àwòrán bàbá kan tó dé fìlà. "Ó wà níbẹ̀. Ìwọ kà á."

Adépéjú kà á: Rufus Akínsànyà. Ó rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé màmá kò mọ̀wé kà ni. Ẹ fi sọ́kàn pé ó rò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó tẹ àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀rẹ̀ ni Bámidélé, ọmọ Oǹdó, akọ̀wé oko Bọ́lọ́rundúró tẹ́lẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bámidélé a máa tẹ nǹkan bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójúde. Ìlà kan yóò ní, "Pa Akinfolarin J., 12, koko, eeka mefa." Ìlà kejì yóò ní, "CHIEF S. ADELANI (o ti ku, omo re lo n sise nibe) 31." Òmíràn a ní, "40 ati 41, Alagba E. Oriola, e beere lowo iyawo re." Èèyàn lè kà á. Kọ̀ǹpútà kò lè kà á. Ìdí nìyẹn tí Adépéjú fi kọ ètò kan ní èdè Perl, èdè kọ̀ǹpútà tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú ọ̀rọ̀ tó ta kókó, pé kó bọ́ gbogbo "Pa" àti "Chief" àti "Baba" kúrò níwájú orúkọ, kó fa nọ́ńbà oko yọ, kó sì to ìyókù lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ohun tó fẹ́ wò báyìí ni ohun tí Bámidélé tẹ̀ gan-an. Ó wá a lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kò rí i. Fáírọ́ọ̀sì inú fláàṣì ẹnìkan ti jẹ ẹ́ tán. Orúkọ fáìlì nìkan ló kù, inú rẹ̀ ṣófo. Ó béèrè àwọn ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ látijọ́. Goodness, akọ̀wé ọ̀gá, sọ fún un pé òjò ti ba ìwọ̀nyẹn jẹ́ láti ìgbà tí páànù òrùlé ti ṣí.

Kò sí ohun tó kù ju kó ṣí ètò tó kọ fúnra rẹ̀, kó wò ó bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Ó ń kà á bọ̀ láti òkè. Ó dé ìsàlẹ̀, níbi tó kọ END sí. Tí kọ̀ǹpútà bá ti kan ọ̀rọ̀ yẹn, ó gbà pé iṣẹ́ ti parí. Kì í wo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ àfi tí wọ́n bá ní kó wò ó. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju òje lọ. Ìka Adépéjú kò dúró. Ó yí i lọ sísàlẹ̀ sí i.

"Pa Akinfolarin J., 12, koko, eeka mefa."

"Yéè!" ló ké, tí Goodness fi sáré wá.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi í pamọ́ síbẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó sì gbàgbé. Nígbà yẹn, fáìlì Bámidélé ti di ọbẹ̀ àjùmọ̀sè. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà a fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Goodness alára ti fi orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ sí i rí, ó ní òun ń ṣèrànwọ́ ni. Ni Adépéjú bá da gbogbo rẹ̀ kọ sísàlẹ̀ END, nítorí ẹni tí òkè ètò kò bá yé, kí ló máa wá dé ìsàlẹ̀?

Ó wá Akinsanya níbẹ̀. Kò sí. Ó wá Rufus. Kò sí. Ayọ̀ rẹ̀ tún fẹ́ di ẹkún.

"Mà, nọ́ńbà mélòó ni oko yín?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ó wà létí odò."

Ó tẹ 87. Ìlà kan jáde: "87, Baba Lola, koko, eeka marun-un, eeyan daadaa."

Adépéjú jókòó, ó ń wò ó. Ètò rẹ̀ ti bọ́ "Baba" kúrò, ó ku "Lola" nìkan. Òun náà ló sì pàṣẹ fún ètò náà pé orúkọ tó bá ku ẹyọ kan, àbọ̀ orúkọ ni, kó jù ú nù. Ó da omi lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó pe Bámidélé lórí fóònù pé kí ló dé tí kò fi kọ orúkọ bàbá náà gan-an.

"Ìwọ ọmọ yìí!" ni Bámidélé wí láti Oǹdó. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn! Iṣu rẹ̀ ni mo jẹ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ṣé kí n wá jókòó sídìí ẹ̀rọ kí n máa pè é lórúkọ bí ẹgbẹ́ mi?"

Adépéjú tún ètò náà ṣe, pé ìlà tó bá ní "Baba" tàbí "Iya" pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo, kó má jù ú nù mọ́, kó yà á sọ́tọ̀ kí wọ́n lè béèrè. Ẹni mẹ́tàdínlógún ló jáde. Gbogbo wọn ni ọ̀wọ̀ Bámidélé fẹ́ gba oko lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí agogo mọ́kànlá tó lù, Bámidélé ti dé pẹ̀lú kálàmù, ó ń kọ orúkọ wọn sórí ìwé níkọ̀ọ̀kan, kò fi ẹnu pe ọ̀kankan. Àwọn ẹbí náà ń wọlé, wọ́n ń jẹ́rìí, wọ́n ń jáde. Ó kan ìyá wa.

"Màmá," ni Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè wí, "fọ́ọ̀mù yìí ní kí ẹbí fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tó ni oko níwájú mi."

Ìyá tún fa ìwé ìsìnkú náà yọ. Ìgbà yẹn ló tó yé Adépéjú pé àìmọ̀wé kọ́ ló jẹ́ kó na ìwé ìsìnkú sí òun. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ojú ti Adépéjú.

"Ẹ jẹ́ kí màmá kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá," ni Bámidélé bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀gá mi orí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ìyá tó bí mi kò pe bàbá wa lórúkọ títí wọ́n fi gbé e wọ ulé ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n oko ni wọ́n ń bi yín yìí, kì í ṣe ọkọ."

Aago ń lọ. Ìyá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó kọjú sí fèrèsé tó wo ọ̀nà Oǹdó, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún ọkọ.

"Bàbá Lọ́lá, ẹ má bínú sí mi o."

Ó mí kanlẹ̀.

"Rufus Akínsànyà."

Adépéjú tẹ̀ ẹ́ síwájú 87. Ó fi "eeyan daadaa" sílẹ̀ níbi tó wà, ó sì da gbogbo rẹ̀ kọ sísàlẹ̀ END padà. Ọ̀gá bu ọwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀. Ara gbogbo wọn wá balẹ̀, Goodness ń pàtẹ́wọ́, Bámidélé ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ọ́fíìsì yìí pọ̀ jù.

Ìyá ká ìwé oko rẹ̀ sínú àpò, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Rufus," ó tún un pè, láìsí ẹni tó bi í.