Wọ́n Ti Gbó

Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìdajì ló máa ń gbọ́. Ìdajì tó kù, àyà rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́. Ohun tó ṣe bàbá àgbẹ̀ nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bó ṣe ń gbé korobá omi ìfọṣọ bọ̀ láti bálùwẹ̀, tó fẹ́ fi bomi rin àwọn ewé rẹ̀.

Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, ní àjà kẹta ilé gíga kan tí fèrèsé rẹ̀ pọ̀ bí ojú afárá oyin. Aránṣọ ni ọmọ náà, pálọ̀ ló sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Nígbà tí ìyàwó bàbá kú, ọmọ yìí ló lọ mú un wá láti oko, ó ní òun ò lè máa sùn kí bàbá òun máa dá nìkan jí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí a gbé sí àjà kẹta, ẹja tí a gbé sórí igi ni. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, tí yóò ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn tọ́jú wọn.

Fàráńdà ló gbà á là. Fàráńdà náà kò ju ẹní méjì tí a tẹ́ papọ̀ lọ. Bàbá gé ẹ̀gbẹ́ ike omi, ó bu ilẹ̀ sí i, ó fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ irin. Tẹ̀tẹ̀ hù níbẹ̀. Ó fi ìṣó gbígbóná lu ìdí korobá ọ̀dà. Tòmátì hù níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bá a fi àjákù tapólì rán àpò olójú púpọ̀, irú èyí tí káfíńtà ń kó irinṣẹ́ sí. Wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, ata sì ń yọrí jáde lójú kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé tó ń yọjú wo àlejò. Nígbà tí tòmátì àkọ́kọ́ pọ́n, bàbá ṣe àwàdà kan tó di òfin ilé. Ó ní, "Ohun tó bá ń bọ́ni, a kì í pè é ní 'ó'. 'Wọ́n' là ń pè é." Láti ìgbà náà, bí ọmọ rẹ̀ bá jí, á yọjú sí fàráńdà, á ní, "Ata ńkọ́? Ṣé wọ́n sùn dáadáa?" Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé yìí, kò sí ẹ̀rín. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó pọn ọmọ tó ń sùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wá gbé wọn. Wọ́n ti gbó. Àyè ibí ò gbà wọ́n mọ́, Ìyá Onílé ò sì fẹ́ rí wọn níbí mọ́ bí oṣù yìí bá ti parí." Ó tẹ́tí sí Nọ́ọ̀sì. "Rárá o, mi ò tíì sọ fún wọn. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Á dùn wọ́n wọ egungun. Àmọ́ wọ́n á gbádùn lọ́dọ̀ yín ju bí wọ́n ṣe há síbí lọ. Oòrùn á máa rí wọn. Sátidé? Ó dáa. Ẹ tètè wá láàárọ̀, kí ooru má baà mú wọn lójú ọ̀nà."

Bàbá rọra sọ korobá kalẹ̀. Omi inú rẹ̀ ń mì.

Ó mọ Nọ́ọ̀sì. Oníbàárà ọmọ rẹ̀ ni, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà lẹ́yìn táǹkì omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó wá wọn aṣọ iṣẹ́ níjọ́sí, ó di bàbá lọ́wọ́ mú, ó ní, "Bàbá, ara yín le o, ẹ ṣì lágbára." Bàbá ti ń dúpẹ́ pé ọmọlúwàbí ni. Àṣé ọjà ló ń yẹ̀ wò.

Ẹnì kan lè ní, kí ló dé tí kò kúkú béèrè? Ìbéèrè ò ṣòro. Ìdáhùn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Bí kò bá béèrè, ó ṣì lè jẹ́ pé etí rẹ̀ ló di. Bó bá béèrè tí ọmọ bá ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá", ó parí nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ilé àna nilé yìí. Ẹni tó ń gbé ilé àna, ìdí kan ló fi ń jókòó. Bí wọ́n bá ní dìde, kò lè ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá wá dá ọgbọ́n méjì. Àkọ́kọ́, kí ó kéré nínú ilé. Bí ọmọ bá bu oúnjẹ, á jẹ ìdajì, á ní òun ti yó. Bí ikọ́ bá fẹ́ gbé e, á sáré wọ bálùwẹ̀, á ṣí omi kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Èkejì, kí ó wúlò. Kí ọgbà yìí pọ̀, kí ó so, kí ó kún ìkòkò, títí ẹnu ọmọ ò fi ní lè sọ ọ́ pé kí ẹni tó ń bọ́ ilé máa lọ.

Ni àgbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ó gbé egungun agbòjò tó ti ya kọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi okùn fa ẹ̀wà gun orí rẹ̀. Ó la páìpù sí méjì, ó tò ó sí ẹsẹ̀ ògiri, ó gbin ewébẹ̀ sínú rẹ̀. Ó mú ògbólógbòó ṣòkòtò jíǹsì tí oníbàárà kan kọ̀ sílẹ̀, ó so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó rọ ilẹ̀ kún un títí dé ìbàdí, ó gbin àlùbọ́sà sí ibi tí ó yẹ kí ikùn wà, ó sì gbé e jókòó sórí irin fàráńdà pẹ̀lú ẹsẹ̀ níta.

Igbe ta nísàlẹ̀. Ìyá Onílé ni, tó ń sá aṣọ.

"Yéè! Ta ló fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lókè yẹn? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ilé mi kọ́ o!"

"Ṣòkòtò ni, Ìyá Onílé," bàbá yọrí.

"Ṣòkòtò ta? Ẹni tó wọ̀ ọ́ dà?"

"Àlùbọ́sà ló wọ̀ ọ́."

"Àlùbọ́sà?" Ó gbá àyà mú. "Bàbá, ẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ríru pa mí. Omi yín ń jò sórí aṣọ mi, àjà mi ti là bí iṣan ọrùn, ẹ tún gbé ìdí sórí irin. Ẹ rọra máa ṣe o. Mo ti bá ọmọ yín sọ ọ́, ó sì ti mọ ohun tó máa ṣe."

Ó ti mọ ohun tó máa ṣe. Gbólóhùn yẹn wọ bàbá lára bí omi tútù. Ó gbé ṣòkòtò sílẹ̀. Nígbà tí Ìyá Onílé wọlé, ó tún gbin ike méjì sí i.

Ọmọ rẹ̀ ń wò ó, kò lè wò ó lójú. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó fọwọ́ nu ẹnu tí kò dọ̀tí.

"Bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Mo ti yó," ni bàbá wí. Ó ti dìde kí ó tó parí ọ̀rọ̀ náà. Oúnjẹ rẹ̀ ṣì ń rú èéfín.

"Ẹ ò mà tíì fọwọ́ kàn án! Bàbá, ṣé ara yín ò yá ni? Ṣé ilé yìí ti ń sú yín ni?"

"Ilé kì í sú arúgbó," ni bàbá fèsì, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ó ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń kó abọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ọmọ kò bá sọ ọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀.

Sátidé dé, ẹ̀bẹ̀ ò dá a dúró. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, bàbá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó fi ń ròde, ó ti dé fìlà. Ó di báàgì rẹ̀: ẹ̀wù, fọ́tò ìyàwó rẹ̀, àti èso ata tó fi àkísà dì. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Bí mọ́tò kan bá ń kọjá, á na ọwọ́ mú báàgì. Bí ó bá kọjá tán, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí òmíràn. Nígbà tí fèrè mọ́tò dún nísàlẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà ní fàráńdà, ó ń fi okùn di ẹsẹ̀ tòmátì, kò gbọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. "Mo wá gbé wọn o. Ṣé ọmọ yín ti sọ fún yín?"

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀rù ti ń bà wá pé ẹ ò ní gbà."

"Ẹnu wo ni n ó fi sọ pé mi ò gbà?" Bàbá gbé báàgì. Nọ́ọ̀sì rò pé ó ń ròde, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún un, òun náà sì wọlé.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ tọ ara ògiri. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú mọ́tò, ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó fa bẹ́líìtì, kò mọ ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀, ó kàn dì í mú.

Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ gbé korobá tòmátì jáde sí ojú títì, tí Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò ata léjìká, ọmọ kọ́kọ́ rí fìlà, ó wá rí ojú abẹ́ fìlà.

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe nínú mọ́tò?"

"Ṣé ẹ̀yìn ló yẹ kí n jókòó sí ni?"

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Ibi tí o ní kí wọ́n gbé mi lọ." Ó ń wo iwájú. "Má sunkún. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù. Mo ti gbó, òótọ́ ni. Ìwọ náà gbìyànjú, ọmọ mi."

Ọmọ gbé korobá kalẹ̀ gbì, ilẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Yéè! Bàbá mi o! Tòmátì ni! Tòmátì ni mo ní wọ́n ti gbó tó èyí tí à ń tú gbìn síbòmíràn!"

"O ní o ò tíì sọ fún wọn. Ta ní í sọ nǹkan fún tòmátì?"

"'Wọ́n' tibẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ni! 'Wọ́n' tó kù, ewé ni! Ta ló kọ́ wa pé ká máa bọ̀wọ̀ fún ata? Èmi ni?"

Ẹ̀rín ti fẹ́ pa Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó rí bí bàbá ṣe di báàgì mú gírígírí, ó pa ẹnu dé.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù tó ti gbélé èèyàn látọjọ́ Ajé kì í kẹ́rù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ṣàlàyé: àjà tó là, ìdajì ọgbà tó gbọ́dọ̀ kúrò lórí fàráńdà, ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú tí Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́.

"Kí ló dé tí o fi ń fi pamọ́ fún mi?"

"Mo rò pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó ní kí n dá yín padà sóko." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ọgbà yẹn nìkan ni mo rò pé ó dá yín dúró síbí."

Bàbá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí ẹ̀yìn mọ́tò, níbi tí Nọ́ọ̀sì ti ń ki korobá sí ara wọn.

"Nọ́ọ̀sì, o ti gbin tòmátì rí?"

"Rárá, Bàbá. Abẹ́rẹ́ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n gún."

"Wọn ò ní rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ." Ó na báàgì sí ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. "Gbé èyí lọ sókè. Mò ń tẹ̀ lé e lọ gbìn wọ́n."

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ̀rù ti wá bọ́ sójú tirẹ̀ báyìí. "A ó jọ lọ lọ́la. Àwọn èèyàn ibẹ̀ lè ní kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ jókòó tì wọ́n díẹ̀…"

"Fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ kí ni?"

"Tilé. Bí mo bá dé tí o bá ti lọ ra òwú, ṣé ẹnu ọ̀nà ni n ó dúró sí bí àlejò?"

Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó so ó pọ̀ mọ́ sísọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó gbìyànjú láti tú okùn náà, kò tú. Ó fi eyín já a. Bàbá gbà á, ó fi sí àpò àyà, ó de bọ́tìnnì lé e, ó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Rọra wa mọ́tò o," ló sọ fún Nọ́ọ̀sì. "Ọrùn tòmátì ò le."

Ọmọ rẹ̀ dúró sójú títì, báàgì ní àyà, ilẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò lọ sókè títí mọ́tò fi yà ní kọ́nà.