Ẹni Tó Wa Ọkọ̀ Náà

Ọjọ́ kejì tí Bernadette kú ni bàbá wọn pe Mojọlá sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní kó wá kọ ohun tí wọn yóò kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mojọlá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Aládé, òun náà sì ni wọ́n máa ń bẹ̀ bí ẹnì kan bá kú tí àwọn ẹbí fẹ́ kí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ dùn létí. Ó ti kọ ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Kò rò ó rí pé òun á kọ ti àbúrò òun, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì lọ sílé ọkọ.

"Jẹ́ kó dùn," ni Bàbá wí. Ilẹ̀ ló ń wò bó ti ń sọ̀rọ̀. "Kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ gidi la sin. Ṣùgbọ́n ti ọ̀nà Owena yẹn, fi ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kọjá níbẹ̀."

Mojọlá mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ignatius, ọkọ Mojọlá fúnra rẹ̀, ló wa lọ́rì tó pa Bernadette. Pákó ló lọ kó ní Ofosu, Bernadette tó jẹ́ aránṣọ sì bá a lọ kó lè mú aṣọ ìgbéyàwó lọ fún ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, kí wọ́n tó kan afárá Owena, ọkọ̀ ya wọ igbó, ó dojú dé. Apá kan ló kán lára Ignatius. Bernadette kò bá wọn dé ọsibítù. Àwọn tó kọ́kọ́ sáré débẹ̀ ní ọtí ń rùn lẹ́nu awakọ̀ náà, òun náà sì jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo mu ún," ló wí. "Kì í ṣe díẹ̀." Gbogbo ilé ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti jáde nílé ìwé, Mojọlá jókòó nínú kíláàsì tó ṣófo. Òjìji òkè ti bo pápá. Ó kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ń wá fúnra wọn: òdòdó tó rọ lówùúrọ̀, àdàbà tó fò lọ, ikú òǹrorò tó ń mú ẹni rere. Nígbà tó dé ọ̀nà Owena, ó kọ ọ́ pé, "Bernadette, ọmọ tí tilé toko fẹ́ràn, ẹni tí ìwà rẹ̀ mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn, ni ó wu Ẹlẹ́dàá láti gbà padà sí ilé ìsinmi ayérayé nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ kan ṣẹlẹ̀." Gbólóhùn náà gùn, ó sì ń yọ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ á ti gba orí ikú kọjá kó tó mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìyá wọn kò ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá àti ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ wọn. Inú yàrá ni wọ́n á wà títí àwọn yòókù yóò fi sin ín tán. Nítorí náà ló ṣe ní kí Mojọlá wá kà á fún òun ná. Mojọlá jókòó tì í lórí ẹní, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n níbi tó yẹ kó gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ kò sunkún.

"Ta lò ń kà yẹn?" ló bi í.

"Bernadette ni, Màmá."

"Ọmọ tí mo bí kọ́ nìyẹn." Èdè Ìdànrè ni ìyá náà ń sọ, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti rẹ̀. "Àdàbà, òdòdó. Ṣé Bernadette mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ ni? Ọmọ tó ń pariwo láti ọ̀nà odò kó tó délé! O fi Yorùbá inú ìwé bò ó lójú bí ẹni da aṣọ bo òkú. Mi ò ní rí i mọ́, Mojọlá. Mi ò ní rí ibi tí wọ́n sin ín sí pàápàá. Ohun tí o bá kọ yẹn nìkan ló kù tí mo lè fi rí i."

Mojọlá ká ìwé náà.

Ó padà sí kíláàsì náà lọ́jọ́ kejì, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí Bernadette fúnra rẹ̀ máa ń lò ló ń wá. Ó kọ ọ́ pé: "Ariwo pọ̀ lẹ́nu Bernadette. Bó bá ń bọ̀ láti odò, ilé ti gbọ́. Aránṣọ ni, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ gèlè wé. Ó máa ń fi abẹ́rẹ́ há ẹnu sọ̀rọ̀, a sì máa ń bá a jà sí i. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, òun náà ló máa kọ́kọ́ wá kí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́." Àwọn gbólóhùn náà kúrú, kò sí ọ̀ṣọ́ lára wọn. Nídìí abẹ́rẹ́ yẹn ni omi ti bọ́ lójú Mojọlá sórí ìwé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú dé.

Ó wá dé ọ̀nà Owena. Ó mú gbólóhùn gígùn àkọ́kọ́ yẹn, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sókè. Ojú tì í. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹni tó ń bá ni sọ̀rọ̀ lójúkorojú bá ṣàdédé kọjú sí ògiri. Kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́. Ó fa igi lé e lórí, ó kọ ọ́ pé, "Ọkọ̀ dojú dé, Bernadette sì kú." Ìyẹn kúrú bí àwọn yòókù, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ kò bá wọn mu. Nínú gbogbo ohun tó ti kọ sókè, èèyàn ló ń ṣe nǹkan: èèyàn ń pariwo, èèyàn ń ránṣọ, èèyàn ń jà. Ibí yìí nìkan ni ọkọ̀ ti ń dá rìn.

Ó pẹ́ kó tó tún gbé bíró. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé, "Ignatius ọkọ mi ló wa ọkọ̀ náà. Ó ti mutí. Ó dojú ọkọ̀ dé. Bernadette kú."

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú ló kà á fún Ignatius níta ilé wọn. Wọ́n ti fi báńdéèjì gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó gbọ́ ọ dé òpin láìmira.

"O fi mí síbẹ̀," ló wí.

"Ẹ wà níbẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ pé ọkọ̀ dojú dé? Òótọ́ nìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn."

"Ṣé ọkọ̀ ló mutí ni, Bàbá Olúsànmí?"

Ignatius fi ọwọ́ tó dá bo ojú. "Mo mọ ohun tí mo ṣe. Kò sí ìgbà tí mo dijú tí mi ò rí i. Ṣùgbọ́n má gbé mi síta gbangba báyìí, Mojọlá. Fi ọ̀rọ̀ kan bò mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìwọ náà mọ̀ pé o ní wọn lọ́pọ̀."

Ó ní wọn lóòótọ́. Ó ń ronú kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọkọ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀: àgbákò, kádàrá, iṣẹ́ ọ̀tá, àkókò tó tó. Kò sí èyí tó lè bọ́ síbẹ̀ tí Bernadette kò ní tún pòórá lẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò lè ṣe é," ló wí. "Mo ti gbìyànjú."

Lọ́jọ́ kejì, Fadá pè é síwájú. Nígbà tó ka ti gèlè, àwọn ọ̀rẹ́ Bernadette rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Nígbà tó ka ti ọkọ rẹ̀, kò gbé ohùn sókè, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè nígbà tó kà á tán, Ignatius tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ti ń jáde, àwọn obìnrin yà fún un bí wọ́n ṣe ń yà fún ẹni tó ru omi gbígbóná. Ó gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ pé, "Ó tú ọkọ rẹ̀ síhòòhò nílé Ọlọ́run."

Nírọ̀lẹ́, ó kà á fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó kan abẹ́rẹ́, ìyá náà figbe ta. "Òun nìyẹn," ló ń wí ṣáá, "òun nìyẹn." Kò sọ nǹkan kan lórí ti Ignatius. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mo ní kó o fi ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kọjá," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló ń kọjá láàárín òun àti Mojọlá.

Ignatius kò sùn sílé lálẹ́ ìsìnkú. Wọ́n ní ó ti wà ní Ofosu, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú. Mojọlá ń retí kó ránṣẹ́ sílé títí ilé ìwé fi gba ìsinmi Kérésìmesì, kò rí nǹkan kan gbà. Ó gbé oúnjẹ, ó lọ bá a.

Ó ti gbẹ. Eruku pákó kún orí rẹ̀, apá rẹ̀ kò sì jinná gún. Wọ́n jókòó lórí pákó nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun.

"Kò sí irọ́ nínú ohun tí o kà yẹn," ni Ignatius wí. "Mo ti rò ó títí. Ohùn rẹ̀ ni mi ò lè gbé. Ká ní o tiẹ̀ sunkún díẹ̀ nígbà tí o kàn mí. Ká ní o ṣépè fún mi pàápàá. Bí o ṣe ka ti gèlè náà lo ṣe ka tèmi."

Mojọlá fẹ́ sọ pé òun kò mọ ọ̀nà mìíràn tí òun ì bá gbà. Ó rí i pé ìyẹn náà á dún bí ẹ̀kọ́. "Olúsànmí ń béèrè yín," ló sọ.

"Sọ fún un pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Ṣé ẹ máa padà wálé?"

Àwọn òṣìṣẹ́ ti dé, wọ́n tan ẹ̀rọ. Mojọlá rí i tí ẹnu Ignatius mì, ṣùgbọ́n ariwo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó dúró díẹ̀, bóyá yóò tún un sọ. Nígbà tí kò tún un sọ, ó mú àpò rẹ̀, ó lọ dúró sójú títì láti wá ọkọ̀.