Labalábá Ara Fìlà

Mọ́kànlá ni wá nínú Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Labalábá ti ẹ̀sítéètì wa ní Ìgbògbò, fìlà wa náà sì jẹ́ mọ́kànlá. Fìlà la kọ́kọ́ rà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tí labalábá ń jẹ. Labalábá ńlá dúdú kan tó ní àmì aláwọ̀ ìyeyè káàkiri ìyẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi òwú kọ síwájú fìlà ọ̀hún. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú, ló yàn án.

Odidi ọdún méjì ló fi wá labalábá yìí kó lè ya fọ́tò rẹ̀. Ó wá a dé Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ejìnrìn tòun ti bàtà òjò tó ga dé orúnkún. Èmi Mùnírátù, ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́, ni mo ń bá ọlọ́kọ̀ gbọ́n omi inú ọkọ̀, tí mo ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Fọ́tò ìka ara rẹ̀ ló mú bọ̀. Bí mo bá sì bi í léèrè nípa àfòpiná, á ní kí n má fi àkókò ẹgbẹ́ ṣòfò.

Ìwọ̀nba tí mo mọ̀, ọ̀dọ̀ Láwàl ni mo ti kọ́ ọ, olùkọ́ kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá nípàdé ẹgbẹ́ wa. Lóṣù kẹfà, mo rí kòkòrò mẹ́sàn-án tó ń jẹ ewé ọsàn wẹ́wẹ́ ẹnu géètì wa. Àwọn kéékèèké dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ, àwọn ńlá sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ìwo pupa méjì yọ lórí rẹ̀, ó sì rùn. Láwàl ní kí n má dà wọ́n láàmú, pé labalábá ara fìlà wa ni wọ́n máa dà. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, mi ò sì tíì rí ibi tí labalábá ti ń jáde rí. Ó wù mí gan-an kí n rí i.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pé lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò fín oògùn sí igi ọsàn náà. Ta ló fọwọ́ sí i? Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú, nítorí òun náà ni alága ẹ̀sítéètì. Mo nawọ́ nípàdé ẹgbẹ́.

“Alága, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ àwọn kòkòrò orí igi yẹn ni.”

“Màdáámù, ẹ gbé ọ̀rọ̀ kòkòrò lọ sípàdé ẹ̀sítéètì. Labalábá là ń sọ níbí.”

Láwàl fẹ́ ṣàlàyé, alága ní kó jókòó. Ìpàdé ẹ̀sítéètì sì di ìparí oṣù.

Nígbà tí mo máa fi débẹ̀ ní Sátidé, Síkírù tó ń fín oògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

“Ẹ má bínú, Ìyá Balqees,” ó sọ fún mi, “alága ló rán mi.”

Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni oògùn ò tíì kàn. Mo gé e, kòkòrò kan wà lára rẹ̀. Mo ṣa mẹ́jọ tó kú sínú páálí ìṣáná.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbé ẹ̀ka náà lọ sípàdé nínú apẹ̀rẹ̀ tí mo fi àwọ̀n ìpẹja bò. Kòkòrò mi ti kọ́lé sára rẹ̀. Kí alága tó parí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ilé kòkòrò náà là. Labalábá náà jáde pẹ̀lú ìyẹ́ tútù tó rún jọ, ó sì rọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Gbogbo wọn dìde. Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú bọ́ fìlà sórí tábìlì, ó gbé kámẹ́rà sójú.

“Níbo lẹ ti rí i?”

“Lórí igi tí ẹ ní kí wọ́n fín.”

Mo ṣí páálí ìṣáná, mo da mẹ́jọ yẹn sínú fìlà rẹ̀.

“Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rèé, sà.”

Ó wo inú fìlà, ó wo labalábá iwájú fìlà náà, ó sì sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Kò ya fọ́tò kankan títí ìyẹ́ labalábá náà fi gbẹ, tó sì gba ojú fèrèsé lọ.

“Láwàl,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú, kí ẹ wá kọ́ wa.”

Mo jókòó. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí labalábá ti ń jáde.