Ọjọ́ Tí Wọ́n Ka Ìwé Ọláníkẹ́

Ohun tí Ọláníkẹ́ kọ́kọ́ rí nígbà tó wọ yàrá ìpàdé ẹ̀yìn pẹpẹ ni ìwé ara rẹ̀ lórí tábìlì. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ni, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, igun rẹ̀ sì ti ká. Abẹ́ àwọn aṣọ inú dúrọ́ọ̀ ló fi í pamọ́ sí nílé, kò sì sẹ́ni tó ń ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn àfi òun àti ọkọ rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Gbéminíyì ń wo ilẹ̀.

"Ẹ jókòó, Arábìnrin," ni Pásítọ̀ Jayéọlá wí.

Ó jókòó. Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, aṣọ akọrin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn Mofẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, láàrin àwọn ọmọ tó ń ṣeré lóde: "I no do again! I no do again!" Pásítọ̀ dìde, ó ti fèrèsé, ohùn náà sì jìnnà.

Àwọn mẹ́rin ló dojú kọ ọ́. Pásítọ̀ wà láàrin. Ìyá Yétúndé, olórí àwọn obìnrin aládùúrà, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, jókòó sí apá ọ̀tún. Díákónì Ògúnwálé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wà lápá òsì. Gbéminíyì, ọkọ rẹ̀, ni ó jókòó ṣìkẹrin, ó sì jókòó sọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1998 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí Ọláníkẹ́ àti Gbéminíyì kó láti Iléṣà wá sí Benin. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan ní Airport Road, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá tó wà nítòsí Sapele Road yìí ló sì dà bí ẹbí fún wọn. Mofẹ́olúwa nìkan ni wọ́n bí. Lẹ́yìn rẹ̀, oyún méjì bàjẹ́. Èyí tó kẹ́yìn ti pé oṣù márùn-ún kó tó lọ, láti ìgbà náà ni oorun ti ń dá lójú Ọláníkẹ́.

Ní àkókò yẹn ló rí eré kan yá ní ilé tí wọ́n ti ń háyà fídíò ní ìdojúkọ báǹkì. Ìtàn ọkọ̀ kan tó ń rìn láàrin àwọn ìràwọ̀ ni. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́máńdà Sẹlifínà ló ń wa ọkọ̀ náà. Tóbò, ẹni tí wọ́n fi irin ṣe, ló ń bá a ṣiṣẹ́, ẹ̀rù òjò sì ń bà á. Ọ̀tá wọn ni Múrákì, ọba ayé kan tó wà lábẹ́ omi, olójú mẹ́rin, tó máa ń jẹ ìrántí àwọn ènìyàn bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ọláníkẹ́ fẹ́ràn wọn débi pé ó ra ìwé, ó sì ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ nípa wọn sínú rẹ̀ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán: ta ni yóò ṣe é fẹ́, ta ni kò ní mọ ọbẹ̀ sè, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá já sí Benin. Àwàdà lásán ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì í.

Pásítọ̀ wọ dígí rẹ̀, ó ṣí ìwé náà síbi tí wọ́n ti fi bébà há a.

"'Múrákì, ọba inú omi,'" ó kà á jẹ́jẹ́, "'ìwọ ni mo yàn lọ́kọ.'" Ó gbójú sókè. "Ṣé ìkọ̀wé yín nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n—"

"'O ti jẹ ìrántí ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó ku tèmi.' Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí náà?"

"Èmi ni, sà. Inú fídíò ni. Eré ni wọ́n ń ṣe."

"Eré!" Ìyá Yétúndé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ní ìlú tí wọ́n ti ń bọ omi yìí, o ń fi ọba inú omi ṣeré? Ìyá Mofẹ́, ta ló fi ẹ́ fún un? Ọjọ́ wo lẹ jọ ṣègbéyàwó?"

Ọláníkẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Dádì Mofẹ́, ẹ sọ fún wọn. Ẹ máa ń rí mi nídìí fídíò náà."

Gbéminíyì fọwọ́ nu ojú. "Mo máa ń rí i tó ń wo nǹkan," ó sọ fún Pásítọ̀. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tó kọ, tí mo wá rántí oyún méjèèjì..." Kò parí rẹ̀.

Ẹnu ya Ọláníkẹ́. Ó wá yé e pé ọkọ òun ló gbé ìwé náà wá. Wọ́n jọ jẹun láàárọ̀ yìí. Òun ló bá a so táì.

Ẹnì kan wà nínú yàrá náà tó lè gbà á sílẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé tí ilé fídíò ń kọ orúkọ àwọn tó yá eré náà sí, ó ti rí orúkọ kan lókè tirẹ̀ nígbà mẹ́ta: D. Ògúnwálé. Onífídíò tilẹ̀ ti sọ fún un rí pé bàbá olùkọ́ kan ni, tó máa ń sọ pé àwọn ọmọ òun ni òun ń yá a fún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Èkó ni gbogbo ọmọ Díákónì wà.

Ó wo Díákónì. Díákónì ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri bí ẹni pé ó fẹ́ há a sórí. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

Orúkọ náà dé ẹnu Ọláníkẹ́, ó sì gbé e mì. Ó rántí bí bàbá náà ṣe dúró lẹ́bàá pósí ìyàwó rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Ṣé òun ni yóò wá fà á sí àárín àgbo báyìí?

"Ọ̀rọ̀ yìí kò le," ni Ìyá Yétúndé wí. "Ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ, láìmu. Kó wá sílé àdúrà lọ́la. Àwa obìnrin á dúró tì í títí gbogbo àdéhùn yẹn á fi já."

Ọláníkẹ́ ti rí arábìnrin kan tó ṣe irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta. Wọ́n gbé e jáde ni, kò lè dá rìn.

"Mi ò lè gbààwẹ̀, mà."

"Kí ló dé?"

Ọláníkẹ́ ti bá ara rẹ̀ ṣèlérí pé kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé.

"Ẹ ò rí i?" Ìyá Yétúndé yíjú sí Pásítọ̀. "Òun kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ará omi kì í fẹ́ gbọ́ ààwẹ̀ sétí."

"Arábìnrin, ẹ dá wọn lóhùn," ni Pásítọ̀ wí.

"Oyún oṣù méjì wà nínú mi."

Gbéminíyì gbórí sókè.

Ìyá Yétúndé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì pariwo. "Oyún ta ni?"

"Mà?"

"Mo ní oyún ta ni. Ọkọ ẹ tó jókòó síbí kò mọ̀ nípa ẹ̀. Ọkọ tó o kọ orúkọ ẹ̀ síwèé ńkọ́? Òun mọ̀?"

Ọláníkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ó retí kó dìde, kó lu tábìlì, kó tilẹ̀ sọ pé "Mà, ó tó." Gbéminíyì kò mira. Nígbà náà ni ẹ̀rù tó ti ń ba Ọláníkẹ́ láti ìgbà tó wọlé yí padà di nǹkan mìíràn, tó gbóná, tó sì dúró sójú kan. Ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi níwèé mi, sà. Ibi tẹ́ ẹ kà á dé kọ́ ló parí sí. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín."

Pásítọ̀ rò ó díẹ̀, ó sì tì í sí i. Ọláníkẹ́ ṣí i, ohùn tó fi ń dá orin ló sì fi kà á.

"'Múrákì, ọba inú omi, ìwọ ni mo yàn lọ́kọ, nítorí Tóbò á ti dípẹtà, Sẹlifínà sì jẹ́ obìnrin bíi tèmi. Ṣùgbọ́n a ó jọ ṣàdéhùn. Ojú mẹ́rin lo ní. Fi méjì wò mí. Fi ìkẹta ṣọ́ ìrẹsì lórí iná. Fi ìkẹrin wo Mofẹ́olúwa kó ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. O ti jẹ ìrántí ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó ku tèmi. Jọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí máníjà bú mi níwájú oníbàárà. Jẹ ohun tí àbúrò ìyá ọkọ mi sọ níbi ìsọmọlórúkọ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí mo bí Mofẹ́olúwa, má fọwọ́ kàn án.'" Ó mí. "'Ti oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, èyí tó ti ń ta mí nípàá nínú... jẹ ẹ́ tán. Bí o bá lè jẹ ẹ́ tán, màá wá sìn ọ́ lábẹ́ omi.'"

Gbéminíyì fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ìyá Yétúndé yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ó tán?" ni Pásítọ̀ bi í.

"Kò tíì tán, sà." Ó ṣí ojú ìwé kejì. Bí ó bá dákẹ́ níbẹ̀, ẹkún ni yóò sun, kò sì fẹ́ sunkún níwájú wọn. "'Tóbò kò lè gbé Benin. Bí wọ́n bá rán an lọ sí Ọjà Ọba lóṣù keje, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti dípẹtà kó tó ná tàtàṣé. Àwọn onílé á máa fi í gbe omi òjò. Kọ́máńdà Sẹlifínà gan-an, tó ń pàṣẹ fún ẹgbẹ̀ta jagunjagun, ẹ gbé e wá kó wá darí ẹgbẹ́ akọrin wa. Á dúró títí, á ní kí ọkọ̀ gbéra, wọ́n á ní kó ṣe sùúrù, àwọn sopránò kò tíì dé.'"

Nǹkan kan bú jáde lápá òsì. Díákónì Ògúnwálé ti fi áńkáṣífù bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

"Díákónì!" ni Ìyá Yétúndé wí. "Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, mà." Ó nu ojú rẹ̀. "Tóbò ni. Ó... ó ti ní agboòrùn báyìí. Ní kásẹ́ẹ̀tì kẹsàn-án. Sẹlifínà ló fún un."

"Mi ò tíì rí ìkẹsàn-án, sà," Ọláníkẹ́ dáhùn kó tó ronú. "Wọ́n ní ọwọ́ yín ló ṣì wà."

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Gbogbo wọn ti yíjú sí Díákónì. Bàbá náà tẹjú mọ́ áńkáṣífù rẹ̀, ó ká a, ó tún un ká.

"Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ," ó wí níkẹyìn, "ilé yẹn máa ń pa lọ́lọ́ jù. Mo kàn fẹ́ kí ohùn ènìyàn máa dún níbẹ̀. Pásítọ̀, mo mọ Múrákì. Òyìnbó kan ni wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ aró kùn. Ojú rẹ̀ kẹta jábọ́ ní kásẹ́ẹ̀tì kẹrin, wọn ò tilẹ̀ gé ibẹ̀ kúrò. Kò sí ọba kankan níbẹ̀."

"Ẹ ti mọ̀ látìgbà tá a ti jókòó?" ni Pásítọ̀ bi í.

"Mo mọ̀. Ojú ló tì mí." Ó yíjú sí Ọláníkẹ́. "Arábìnrin, ẹ foríjì mí. Ẹ mọ̀ nípa mi, ẹ ò sì dárúkọ mi. Èmi tí mo dàgbà tó bàbá yín ló dákẹ́."

Pásítọ̀ yọ dígí rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti parí, pé kò sí ààwẹ̀ fún aláboyún, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọláníkẹ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, bí ẹni ń gbé òkúta. Ìyá Yétúndé kò tọrọ nǹkan kan. Ó ní òun kò ní dákẹ́ àdúrà ní tòun, ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀yìn ni Ọláníkẹ́ jókòó sí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí Gbéminíyì tó sọ̀rọ̀.

"O ò sọ fún mi nípa oyún."

"Ẹ ò bi mí nípa ìwé."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Níkẹ́. Mo rò pé nǹkan fẹ́ gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Inú ilé kan náà la wà. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà." Ó fa orí ọmọ náà mọ́ra. "Nígbà tí wọ́n ní oyún ta ni, ẹ̀yin ni mo wò."



Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọláníkẹ́ ń se oúnjẹ ọkọ rẹ̀, kì í sì í bá a jẹ ẹ́. Kò lọ sí ibi ìdánrawò akọrin mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Díákónì yà ní báǹkì, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì kẹsàn-án lé orí káńtà, ó sì sọ fún un pé Gbéminíyì ti wá síbi ìpàdé àwọn obìnrin aládùúrà lánàá. Ọkọ rẹ̀ dúró síwájú gbogbo wọn, Ìyá Yétúndé náà wà níbẹ̀. Ó ní ìyàwó òun kò ṣẹ̀, òun lòun jí ìwé rẹ̀, oyún náà sì jẹ́ tòun. Ẹni tó bá tún fẹ́ béèrè, kó wá bi òun.

"Ṣé ó sọ fún yín pé òun fẹ́ lọ?" ni Díákónì bi í.

"Rárá, sà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Gbéminíyì wọlé, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọláníkẹ́ náà kò sì bi í. Ó gbé iyán àti ọbẹ̀ sórí tábìlì, ó gbé abọ́ omi ìfọwọ́ tì í, ó fa àga kan jáde ní ìdojúkọ rẹ̀, ó sì jókòó.

"Ẹ sún ọbẹ̀ mọ́ mi díẹ̀," ó wí. "Ó gbóná."