Ẹ̀gbọ́n Tí Wọ́n Ní Kó Dúró

Kẹ́hìndé ti àwo ẹ̀wà náà sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

"Mi ò jẹ ẹ́," ó wí. "Mọ́mì, ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

Afusat, ìyá rẹ̀, ṣì ń bu ẹ̀wà sínú àwo kejì, ti Táyé, ó sì ń fi ojú wọ̀n ọ́n kó má baà kéré sí ti àkọ́kọ́, kó má sì jù ú lọ. Bó ṣe ń bu oúnjẹ fún àwọn ìbejì rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú. Aṣọ kan náà, bàtà kan náà, irun dídì kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, àwọn méjèèjì ni yóò mu oògùn: ṣíbí kan fún èyí tí ara rẹ̀ gbóná, ṣíbí kan fún èyí tó ń ṣeré kiri ilé.

Ohun tí Afusat sọ kò ta kókó rárá. Èsì ìdánwò mátíríìkì, tí wọ́n fi ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní South Africa, ti dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kẹ́hìndé yege, ó yege dáadáa, yunifásítì kan ní Cape Town sì ti gbà á pé kó wá kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Táyé fìdí rẹmi nínú ìṣirò àti físíìsì, ó sì di dandan kó tún ìdánwò ṣe. Nítorí náà, Kẹ́hìndé yóò jókòó sílé di ọdún tó ń bọ̀, kí àwọn méjèèjì lè jọ lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Bàbá wọn ti tọ́jú owó, ó tilẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì méjì sílẹ̀ kí èsì tó dé.

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n," ni Afusat wí nígbà tó gbé àwo Táyé kalẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ọmọ tuntun wo? Ọmọ tuntun tó ṣáájú mi dáyé?"

"Ìwọ lo rán an kó wá tọ́ ayé wò. Ta ní ń rán ènìyàn níṣẹ́ tí kì í dúró gbọ́ èsì?"

Kẹ́hìndé gbé ìbínú mì. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ. Ní ilé ìwé, Táyé ni àwọn olùkọ́ ń pè ní àkọ́bí, nítorí òun ló kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wọn, òun náà sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè bí nǹkan dáadáa bá ṣẹlẹ̀. Nílé, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n bí ẹnì kan bá ní láti fi nǹkan sílẹ̀. Àǹfààní àkọ́bí di ti Táyé, ìyà ẹ̀gbọ́n di ti Kẹ́hìndé, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó gbà.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé yunifásítì ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tí kò bá dé, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Afusat ní àyè mìíràn á yọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ta ìbejì lọ́jà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìkà ni obìnrin yìí. Ẹ̀rù ló ń bà á. Àbúrò ìyá rẹ̀ bí ìbejì rí ní Ìkirè. Wọ́n mú ọ̀kan lọ sí Èkó lọ kàwé, wọ́n fi èkejì sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ sì kú kí ọdún tó yípo. Ibà ló pa á, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ibà ni, ṣùgbọ́n ìyá Afusat fi ẹ̀rù náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni fi ogún sílẹ̀, Afusat sì gbé e dání wá sí Johannesburg. Kẹ́hìndé ti gbọ́ ìtàn náà títí ó fi sú u. Kò sí àlàyé téèyàn lè ṣe tí yóò borí òkú ọmọ.

Ohun tó wá dùn ún jù ni pé Táyé ń jẹ ẹ̀wà tirẹ̀. Ó jókòó nídìí fèrèsé, ó ń wo àwọn tó ń tajà ní Joubert Park nísàlẹ̀, ó sì ń jẹun lọ láìsọ ohunkóhun. Kẹ́hìndé wò ó. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde. Lífítì ilé náà ti bàjẹ́ tipẹ́, ó sì fi ìbínú sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gbogbo.

Nǹkan tó ń dù yìí kì í ṣe ti àná. Nígbà tó wà ní kíláàsì kẹsàn-án, ó rí àwọn awọnlẹ̀ kan ní Newtown, lẹ́bàá Mary Fitzgerald Square, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀. Obìnrin kan tó dé akoto láàárín wọn jẹ́ kó fi ojú kan wo inú ẹ̀rọ náà. Ó rí igun ilé kan lókèèrè kedere bí ẹni pé ó lè na ọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá bi í ní ohun tó fẹ́ dà, ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà mọ́.

Bàbá rẹ̀, Àbáyọ̀mí Dáramọ́lá, ń ta báàgì onítáyà nítòsí Park Station, fún àwọn tó ń lọ sí Harare, sí Maputo, sí Durban. Ó to báàgì sí ojú ọ̀nà láti orí ńlá dé orí kékeré. Lókè ìsọ̀ rẹ̀, ó so báàgì pupa méjì kọ́, àwọ̀ kan náà, títóbi kan náà. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá na ọwọ́ sí wọn, á ní àwọn wọ̀nyí kì í ṣe títà.

"Dádì, ẹ ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́. Ìyá rẹ pè mí."

"Kí lẹ wá sọ?"

Àbáyọ̀mí mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu báàgì tí kò dọ̀tí. Ó ní ọ̀rọ̀ ìbejì, ọ̀rọ̀ ìyá wọn ni, òun ò bí ìbejì rí kí òun tó bí tiwọn, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́jọ́ kan pé òun lòun ya wọ́n. Ó ní bó bá di àárọ̀ ọ̀la, òun á dá tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì padà fún àwọn oníbọ́ọ̀sì. "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀."

"Gbogbo ẹni tó ń rìnrìn àjò ní Johannesburg lẹ ń ta báàgì fún, Dádì. Èmi ọmọ yín lẹ wá ní kí n jókòó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àbáyọ̀mí lára. Ó gun àga, ó tú báàgì pupa méjèèjì sílẹ̀, ó ní kó gbé wọn lọ sílé, pé eruku ń bà wọ́n jẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́hìndé kò mọ̀ bóyá ìrànlọ́wọ́ nìyẹn tàbí ìtìjú, ìwà ojo bàbá rẹ̀ sì tún ń bí i nínú: ọkùnrin tó mọ òtítọ́, tó ń fi àkísà nu ún.

Ó ń wọ́ báàgì lọ, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Nídìí rọ́bọ́ọ̀tì, iná ojú pópó, ọ̀kan nínú wọn há sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, èkejì sì ń yí lọ sáàárín títì. Awakọ̀ takisí kan fọn fèrè mọ́ ọn. Ó yọ orí síta, ó ní, "Eish, sisi, èèyàn kan kì í wọ́ méjì." Kẹ́hìndé kò rẹ́rìn-ín.

Táyé ló bá lórí àtẹ̀gùn, ní àjà kejì. Bàbá wọn ló pè é pé kó wá ràn án lọ́wọ́.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Kẹ́hìndé wí. "Látàárọ̀ o ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀wà lò ń jẹ."

"Kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní kó o lọ, wọ́n á ní inú ló ń bí mi tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní kó o dúró, wàá kórìíra mi."

"Mo ti kórìíra rẹ báyìí."

Táyé jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ṣé ìwọ nìkan ni inú ń bí? Ta ló bẹ̀ ọ́ pé kó o dúró dè mí? Bó o bá jókòó sílé nítorí mi, ojoojúmọ́ ni màá máa rí i lójú rẹ. Bí mo bá tún fìdí rẹmi ńkọ́, ṣé wàá tún dúró? Mi ò fẹ́ wọn ilẹ̀ kankan, Kẹ́hìndé. Mọ́mì ló ní kí n kọ ohun tó o bá kọ."

"Kí wá lo fẹ́?"

"Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ohun tó o bá fẹ́ ni wọ́n máa ń bù fún mi."

Ìbínú Kẹ́hìndé kò lọ, ó kàn kúrò lórí Táyé ni. Ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, báàgì méjèèjì wà níwájú wọn. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ èyí fún ìyá wọn.

"Ta ló ń gbọ́ ti àbúrò?" ni Táyé wí. "Ìwọ ni wọ́n fi jẹ ẹ̀gbọ́n. Ṣe ẹ̀gbọ́n nígbà náà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àbáyọ̀mí ti wọ bàtà, tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Afusat ń gbé ẹ̀wà àná kaná. Kẹ́hìndé wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, kò sì tètè dìde.

"Mọ́mì, ẹ sọ lánàá pé èmi ni ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ ni."

"Àbúrò mi sì ni Táyé."

"Àbúrò rẹ ni. Kí ló dé?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré, Afusat kò gbà kí ọ̀kan rán èkejì níṣẹ́. Bí òùngbẹ bá gbẹ ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ni á lọ bu omi. Kẹ́hìndé dìde, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Táyé, mo fẹ́ rán ọ níṣẹ́. Bá mi gbé báàgì mi sọ̀kalẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń gbéra lọ́sàn-án yìí."

Ṣíbí dúró nínú ìkòkò. Táyé dìde, ó di ọ̀kan nínú báàgì pupa mú. Ó ti wúwo. Láti àná ni àwọn méjèèjì ti jọ di ẹrù sí i.

"Táíwò," ni Afusat wí. Kì í pe orúkọ náà tán bẹ́ẹ̀ àfi bí ọ̀rọ̀ bá le.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi, Mọ́mì," ni Táyé dáhùn, ó sì wọ́ báàgì náà jáde.

Afusat gbaná jẹ. Ó ní wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀ lé òun lórí, ó ní àwọn ọmọ tí òun gbé oyún wọn gun òkè sọ̀kalẹ̀, òun ni wọ́n wá ń fi ṣe òpè. Ó ké sí ọkọ rẹ̀ pé ṣé kò gbọ́ ni. Kẹ́hìndé kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ ní ta ní ń ránni níṣẹ́ tí kì í dúró gbọ́ èsì. Mo ti dúró, Mọ́mì. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti bí wa ni mo ti ń dúró. Èsì tí Táyé fún mi lánàá ni pé kí n máa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí òun fẹ́, ẹ bi í. Ẹ ò bi í rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó lónìí, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Àbáyọ̀mí fi ọwọ́ sí àpò. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì kan jáde, ó fi lé tábìlì níwájú Kẹ́hìndé. "Ọ̀kan ni màá dá padà," ó wí. Afusat wò ó, ìwò tí ọkùnrin náà mọ̀ pé òun á jẹ gbèsè rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lẹ́yìn náà, Afusat kọjú sí ìkòkò. Ó gbé àwo méjì sílẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó dúró lé wọn lórí pẹ́. Ó kó àwọn méjèèjì padà sí àyè wọn, ó wá mú ike onídèérí kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀wà sí i, láìwọ̀n ọ́n, títí ìkòkò fi gbẹ. Ó dé e, ó nà án sí Kẹ́hìndé láìwo ojú rẹ̀.

"Ọ̀nà jìn," ó wí.

Kẹ́hìndé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ṣe bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. "Ti Táyé ńkọ́?"

"Táyé á sọ ohun tó fẹ́ jẹ."

Inú ṣì ń bí Kẹ́hìndé, ó sì mọ̀ pé inú ṣì ń bí ìyá òun náà. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì tẹ̀lé ìró táyà báàgì tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.