Bàtà Tí Ọmọ Máa Dàgbà Sí

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi tọ́jú ẹṣin fún àwọn olówó tó ń kó ọmọ wọn wá kọ́ ẹṣin gígùn. Èmi ọmọ rẹ̀ kò gun ọ̀kankan rí. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá wọ búùtù tó ní gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ gun ẹṣin, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yọ̀ kọjá nínú irin ìtẹsẹ̀, kí ẹṣin má sì wọ́ ọ nílẹ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi fà mí létí, ó ní, "Jẹ́ kí n ra bàtà ná. Èmi fúnra mi ni màá fà ọ́ yí pápá ká." Lọ́dún yẹn, owó bàtà di owó ilé ìwé. Lọ́dún kejì, ó di owó òrùlé. Wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Tèmi ti di mẹ́tàdínlógójì.

Ní báyìí, aṣọ ilé ìwòsàn ni mò ń lọ̀, ìdúró ti wú mi lẹ́sẹ̀ bí búrẹ́dì, bàbá mi sì ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ mìíràn, á fi orúkọ ìyá mi pè mí. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ẹṣin. Mo bẹ ọ̀gá tuntun tó gba pápá náà, ó ní ká máa bọ̀ ní Sátidé. Ohun tí mò ń fẹ́ kò ju kí bàbá mi di okùn ẹṣin mi mú, kó sì mọ̀ pé èmi ni mo wà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà àlòkù lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Búùtù gíga kan tó ń dán ni obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ gbé wá. Owó rẹ̀ ga jù mí lọ. Bàbá yí àga kan sẹ́yìn.

"Jókòó bí ẹni tó wà lórí ẹṣin. Bàtà tó rọni lọ́rùn lórí ìdúró lè pani lẹ́kún lórí gàárì."

Mo ya ẹsẹ̀ gùn ún.

"Àǹtí, ẹ má sáré pa wá o!" Ẹ̀rín pa obìnrin náà.

Bí mo ṣe ká orúnkún, búùtù náà gé mi lójúgun. Bàbá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú kékeré kan, awọ rẹ̀ rọ̀, owó rẹ̀ kò tó ìdajì. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti wá ojú rírán tó lè họ ẹsẹ̀. Inú mi dùn gan-an, àfi ìgbà tí mo wọ̀ ọ́ tí ẹsẹ̀ mi ń rìn kiri nínú rẹ̀.

"Bàbá, ó fi nọ́ńbà méjì ju ẹsẹ̀ wọn lọ," obìnrin náà wí.

Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ orí bàtà náà. "Àyè tí mo fẹ́ nìyẹn. Ọmọ ń dàgbà."

Obìnrin náà wo ewú orí mi, ó wo ilẹ̀. Àárò bàbá tó fà mí létí sọ mí, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Nígbà tó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, mo ṣẹ́jú sí obìnrin náà, ó sì di irú rẹ̀ tó bá mi mu fún mi.

Ní Sátidé, mo gun ẹṣin. Ìka ẹsẹ̀ mi nà dé orí bàtà. Bàbá wá yẹ̀ mí wò bó ṣe máa ń yẹ gbogbo ọmọ wò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ orí bàtà mi. Kò bá àyè. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé á bínú. Ó gbé ojú kúrò lára bàtà, ó gbé e dé orúnkún mi, ó wá gbé e dé ojú mi.

"O ti dàgbà," ó wí. "Ṣé o dúró dè mí?"

"Mo dúró dè yín, Bàbá."

Ó di okùn mú, ó ń fà wá lọ. Omijé kò jẹ́ kí n rí pápá dáadáa. A kò tíì dé ìdajì rẹ̀ tó fi bojú wẹ̀yìn, tó rẹ́rìn-ín sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ di gàárì mú dáadáa, màdáàmù."

Mo dì í mú.